Apá Tó Gbàgbé Iná

Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé àgbàlagbà obìnrin kan máa ń kí ààrò kó tó kó búrẹ́dì sínú rẹ̀, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ kọ́kọ́ jẹ búrẹ́dì náà ná.

Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ààrò tí mo ń wí yìí. Ó tóbi tó yàrá ọmọdé, ẹnu rẹ̀ sì rí roboto bí ẹnu ẹni tó fẹ́ súfèé. Obìnrin tó dá ilé iṣẹ́ búrẹ́dì náà sílẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n nígbà tó ṣì lágbára, kò sì fi ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru sí i lára. Ó ní kí lòun fẹ́ fi ìyẹn ṣe, nígbà tí Ọlọ́run ti fún òun ní apá. Bí igi bá ti jó tán, tí wọ́n ti wọ́ ẹ̀yín iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, yóò ti ọwọ́ ọ̀tún bọ ẹnu ààrò títí dé ìgbọ̀nwọ́, yóò wá kí i bí ẹni ń kí àgbà: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìdáná. Ilé ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?"

Bó bá jẹ́ pé orí "ẹ kú iṣẹ́" ni ooru ti lé apá rẹ̀ jáde, ààrò ti gbóná jù, kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ kó gba atẹ́gùn. Bó bá bi í pé "ọmọ ńkọ́" tó sì ń dúró de ìdáhùn, ààrò ṣì tutù, kí wọ́n fi igi kún un. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ orí "ilé ńkọ́" gan-an lapá ti sá jáde, a jẹ́ pé onílé ti gba àlejò nìyẹn. Kí wọ́n máa kó búrẹ́dì bọ̀.

Nígbà tí ìyá náà papò dà, ààrò bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n jogún ẹnu ààrò, òun ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Aláàrò. Àbúrò jogún ọpọ́n tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun. Ẹnu-Ata ni wọ́n ń pe òun, torí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń gún ìyẹ̀fun lẹnu rẹ̀ ń gún èèyàn. Wọn kì í ya ara wọn, wọn kì í sì í yé jà. Bí ẹ bá kọjá lójúde wọn láàárọ̀ tí ẹ ò gbọ́ ariwo, ẹ yà wọ́n kí, ẹnìkan ń ṣàìsàn nínú wọn.

Apá Ìyá Aláàrò kì í parọ́. Òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, igi gbígbẹ tàbí igi tútù, bó bá ti kí ààrò tán, tó ní ó yá, ó yá náà nìyẹn. Búrẹ́dì yóò jáde ní àwọ̀ oyin, tí èèpo rẹ̀ yóò máa dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bó ṣe ń tutù.

Àfi ìgbà tó ṣubú.

Ó gbé àpò ìyẹ̀fun, ilẹ̀ tútù, ẹsẹ̀ yọ̀, ó sì fi èjìká ọ̀tún gba ilẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà tó ṣe é fún un ní oògùn ìrora kan tó lágbára, ó ní kó máa lò ó fún ìgbà díẹ̀, títí ojú abẹ yóò fi jinná. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, torí ìrora eegun kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ìgboyà pa. Ìyá Aláàrò gbé hóró kan mì. Kò pẹ́, èjìká dákẹ́. Kì í ṣe èjìká nìkan ló dákẹ́. Àárẹ̀ dákẹ́. Ìrònú ìyá tó kú dákẹ́. Ohùn Ẹnu-Ata pàápàá wá ń dún láti òkèèrè bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lódìkejì odò. Ó ní, "Háà, bí ara ṣe ń tu àwọn ẹlòmíì nìyí?"

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Èjìká jinná, oògùn ò lọ. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń lò ó torí èjìká. Nígbà tó yá, ó ń lò ó torí òjò ṣú. Nígbà tó tún yá, torí Ẹnu-Ata ló fà á. Lẹ́yìn ìyẹn kò nílò ìdí kankan mọ́, bó bá ti jí, kó tó fọ ẹnu, ọwọ́ rẹ̀ ti ń wá a. Hóró kan ò gbé e dé ibi tó ń gbé e dé tẹ́lẹ̀, ó sọ ọ́ di méjì, méjì di ẹ̀kúnwọ́. Bó bá tán, ó lọ sọ fún dókítà pé ó bọ́ sómi. Ó lọ sílé ìwòsàn mìíràn, ó ní òun ò rí oògùn rí. Ó mọ kẹ́mísì kan lẹ́yìn ọjà tí ọkùnrin ibẹ̀ kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tó bá ti mọ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú agolo búrẹ́dì kan tó ti là nídìí, tó gbé sórí pákó lókè. Ta ló máa wo inú agolo tó là?

Ọkọ rẹ̀, Bàbá Awakọ̀, ti wa ọkọ̀ akẹ́rù títí kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, tó bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó di ìgbà mìíràn. Ó rí i pé ìyàwó òun ń sùn lójú oúnjẹ. Ó rí i pé ó ń họ ara láìsí ẹ̀fọn. Ó rí i pé bó bá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àfi bí ẹni pé ó ń bá wọn ṣèpàdé níbẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé èjìká yẹn ò tíì san ni?"

"Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n la lábẹ ni?"

"Rárá o."

"Ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n là mọ bó ṣe ń ro ó."

Bàbá Awakọ̀ dákẹ́. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó dákẹ́, ẹ má rò pé kò gbọ́ ohun tí ń dún nínú ẹ́ńjìnnì.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan. Oòrùn ti yọ, Ẹnu-Ata ti po ìyẹ̀fun, ó ti wú, ó ti gé e, ó ti tò ó sórí pákó gbọọrọ. Ó dúró tì í, ó ń fi aṣọ fẹ́ eṣinṣin.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹ̀fun yìí ò ní dúró dè yín bí ọkọ àfẹ́sọ́nà o. Ẹ kí ààrò ká gbọ́!"

Ìyá Aláàrò ti gbé ti àárọ̀ mì, ó sì ti fi òmíràn lé e. Ó ká apá aṣọ sókè, ó ti apá bọ ẹnu ààrò. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìdáná. Ilé ńkọ́?" Apá ò mira. "Ọmọ ńkọ́?" Apá ò mira. Ó bi í léèrè ọkọ, ó bi í léèrè àna, ó béèrè ewúrẹ́ ará ilé kejì. Apá wà níbẹ̀ pẹ̀sẹ̀ bí ẹni tó na ara sórí ẹní. Ó fa apá yọ, ó ní, "Ààrò tutù. Ìrì òru ti jẹ́ kí igi ṣàárẹ̀. Kó igi sí i."

Ẹnu-Ata dúró. Ojú rẹ̀ ń ta á láti ibi tó wà. "Ààrò wo ló tutù? Èmi tí mo jìnnà yìí, mo ń làágùn."

"Ta ló ń kí ààrò nílé yìí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Kó igi sí i."

Ọ̀rọ̀ àgbà, bí ò ṣẹ láàárọ̀, a ṣẹ lálẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àbúrò ló ṣẹ lọ́jọ́ yìí, kò tiẹ̀ jẹ́ kí ọ̀sán pọ́n. Wọ́n kó igi sí i, ó jó, wọ́n wọ́ ẹ̀yín iná sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Ìyá Aláàrò tún ti apá bọ̀ ọ́, ó tún kí i títí ìkíni fi tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ó kù díẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa kó o bọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kó búrẹ́dì bọ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn irin. Kò tíì pẹ́ rárá tí èéfín dúdú fi ń yọ láti etí ilẹ̀kùn. Nígbà tí Ẹnu-Ata fi ṣọ́bìrì onígi gbọọrọ wọ́ wọn jáde, èédú ló wọ́ jáde, tí wọ́n to ara wọn lẹ́sẹẹsẹ bí ọmọ ilé ìwé.

"Ìyẹ̀fun yìí ò dáa!" Ìyá Aláàrò pariwo. "Mo ti ń sọ pé ìyẹ̀fun yìí ò dáa!"

Ẹnu-Ata ò dáhùn. Èyí gan-an ló yẹ kó dẹ́rù ba ènìyàn. Ó ń fi imú wá nǹkan kan nínú afẹ́fẹ́, nítorí òórùn búrẹ́dì tó jóná ò ṣàjèjì sí i, ṣùgbọ́n òórùn mìíràn wà nínú rẹ̀. Ó yíjú, ó sì rí i. Apá ọ̀tún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pọ́n rokoṣo láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Awọ ti wú sókè, omi ti kún abẹ́ rẹ̀, ibì kan ti bó, ó funfun.

"Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi, apá yín!"

"Kí ló ṣe é?" Ìyá Aláàrò wo apá náà bí ẹni tí wọ́n ń fi ẹrù ẹlòmíì hàn. "Kò dùn mí."

Bàbá Awakọ̀ gbọ́ igbe, ó sáré wọlé, ó gbé apá náà sábẹ́ omi ẹ̀rọ, ó sì dì í mú síbẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó fi ọkọ̀ gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó fọ ojú iná náà, obìnrin pẹ̀lẹ́ kan báyìí, sọ fún un pé, "Màmá, ẹ mọ́kàn le, yóò ta yín." Ó fọ̀ ọ́, ó wo ojú ìyá. Ó tún fọ̀ ọ́, ó tún wo ojú ìyá.

"Màmá, ṣé ẹ lo nǹkan kan fún ìrora lónìí?"

"N ò lo nǹkan kan."

Nọ́ọ̀sì ò bá a jiyàn. Ó di apá náà, ó ní, "Bí ẹ bá rántí pé ẹ lò ó, ẹ padà wá sọ fún mi. Èmi náà kì í tètè rántí nǹkan." Bàbá Awakọ̀ wo ojú fèrèsé.

Nígbà tí wọ́n délé, Ẹnu-Ata ti jókòó sẹ́nu ààrò, ó ká ẹsẹ̀, agolo tó là náà wà lórí itan rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ohun tó pa búrẹ́dì, kò sí ibi tí kò ní wò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó. N ò ní pariwo."

"Ìwọ? O ò ní pariwo?"

"Ẹ jókòó! Màámi mọ ààrò yìí fún apá tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Apá yín ti di adití. Títí tí yóò fi padà mọ ohun tó ń jẹ́ gbígbóná, kò tún ní wọ ibí yìí mọ́. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ó sàn kí n ṣàfojúdi sí yín ju kí n fi ṣọ́bìrì wọ́ yín jáde lọ́jọ́ kan bíi búrẹ́dì."

Kò sí ohun tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ Ìyá Aláàrò tó dùn ún tó èyí. Ó wo ààrò. Ó wo àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Èmi? Oògùn? Èmi tí mo ti ń bá iná jà láti kékeré?" Ó já agolo náà gbà, ó da gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀yín iná tó kù, ó sì gbọn ọwọ́. "Ó tán. Ṣé o rí i? Ó tán." Ẹnu-Ata pàtẹ́wọ́. Wọn ò mọ̀ pé bí a bá lé ejò wọ ihò, a kò tíì pa ejò.

Torí nígbà tó di ọjọ́ kejì, ara bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Imú ń dà, ojú ń dà. Ó ń yán bí ẹni tí ò sùn rí, oorun sì kọ̀ ọ́. Òtútù mú un, ó làágùn. Inú rẹ̀ ṣí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ti bá a ṣọ̀tá tipẹ́ wá di ọ̀rẹ́ tí kò jẹ́ kó sinmi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta fúnra rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ìrora tí kò gbọ́ láti ìgbà tó ti ń lo oògùn padà wá lẹ́ẹ̀kan náà, èjìká, apá tó jóná, ikú ìyá, gbogbo wọn jókòó yí i ká bí ẹbí tó wá gba ogún.

Ó fara dà á, ẹ má ṣe rò pé kò fara dà á. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán kan, Ẹnu-Ata wọlé láti ibi tó ti lọ gba igi, ó sì rí ohun tí kò rí rí. Ààrò tutù, ẹnu rẹ̀ ṣí, ìdajì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Orí, èjìká, apá tó ní báńdéèjì, gbogbo rẹ̀ wà nínú eérú. Ó ń fi ìka yẹ eérú wò, ó ń kó o, ó ń dà á, ó tún ń kó o.

"Ẹ̀gbọ́n mi. Kí lẹ ń wá?"

Ọwọ́ dúró. Ìyá Aláàrò fa ara rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Eérú ti bo irun rẹ̀, ó bo ojú rẹ̀, ibi tí omijé ti ṣàn nìkan ló dúdú. Ó la ẹnu láti sọ pé òrùka òun ló bọ́ síbẹ̀. Irọ́ náà ti wà lórí ahọ́n, ó ti múra. Ṣùgbọ́n ó rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ó rántí ohun tí ọwọ́ yẹn ń wá nínú ààrò yìí tẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀gá mi ni mò ń wá."

Ẹnu-Ata gbé igi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó ti jóná, mo mọ̀ pé ó ti jóná. Èmi ni mo sun ún. Mo tún ń wá a. Àbúrò mi, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ èjìká mọ́. Oògùn yìí ti di bárakú sí mi lára, agbára mi nìkan ò ká a." Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó mí kanlẹ̀. Ó yà á lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ tí òun ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí ò wúwo tó àpò ìyẹ̀fun kan.

"Mo máa bá yín lọ," Ẹnu-Ata ní.

"Wàá bá mi lọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n wẹ̀. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. N ò ní lọ wo àìsàn bí ẹni tó jí ẹran."

Ó wẹ̀, bí ara rẹ̀ tiẹ̀ ń gbọ̀n. Ó wọ aṣọ tó dára, ó wé gèlè. Bàbá Awakọ̀ kò béèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Ó ti jókòó sídìí sítíárì ọkọ̀, ó ti ṣíná sí i.

Nọ́ọ̀sì pẹ̀lẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ rí wọn. Ìyá Aláàrò kò jẹ́ kó kí òun tán. "Ọmọ mi, mo ti rántí. Mo lo nǹkan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó. Irọ́ ni mo pa fún ọ."

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ kú oríire, Màmá," bí ẹni tó ń kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé, ó sì mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń rí sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ohùn rẹ̀ balẹ̀. Dókítà jẹ́ kó ro gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bó ṣe parí rẹ̀, ó ní:

"Mà, ẹ kì í ṣe ọ̀daràn, ẹ kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Ohun tó ṣe yín nílé kì í ṣe pé ẹ ò lágbára. Ẹ já ara yín lẹ́nu oògùn lójijì ni. Ṣé ẹ ti já ọmọ lẹ́nu ọmú rí?"

"Mo já wọn."

"Ṣé ẹ já wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo?"

"Ọmọ wo ló máa gbà? Ilé á dàrú!"

"Ilé ló dàrú yẹn."

Ẹnu-Ata ní, "Dókítà, ẹ ti sọ ọ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù orí ẹpọ̀n." Nọ́ọ̀sì bojú. Bàbá Awakọ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wúkọ́ tìtìjú-tìtìjú. Dókítà gan-an rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò rí òwe náà nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ àwọn, ṣùgbọ́n ohun tí ìwé sọ nìyẹn.

Ó ṣàlàyé pé wọn yóò dá a dúró sọ́dọ̀ àwọn fún ìgbà díẹ̀. Wọn yóò fún un ní oògùn tó máa mú kí ara rọlẹ̀, níwájú nọ́ọ̀sì ni yóò ti máa gbé e mì, wọn yóò sì máa dín in kù bí ara bá ṣe ń gbà. Ibì kan ṣoṣo ni yóò ti máa gba oògùn láti òní lọ. Ẹni tó mọ̀ nípa eegun àti iṣan yóò máa bá a na èjìká náà, torí èjìká ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Yóò sì máa jókòó pẹ̀lú agbaninímọ̀ràn àti àwọn mìíràn tí irú rẹ̀ ṣe, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Ó wá sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mà, èyí ni kí ẹ gbọ́ dáadáa. Bí ẹ bá ti fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tí ẹ wá padà lọ gbé iye tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ mì, ó lè pa yín. Ara ò tún lè ru ẹrù àtijọ́ yẹn mọ́. Bí ó bá ń wù yín, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹ pè wá. Ẹ pè wá kí ẹ tó ṣe é."

"Mo gbọ́. Ààrò mi ńkọ́?"

"Ààrò wo?"

Ìyá Aláàrò sọ ọ́ fún un, bí wọ́n ṣe ń kí i, orí ọ̀rọ̀ tí apá ti máa ń sá jáde. Dókítà ṣí báńdéèjì, ó wo apá náà pẹ́. Ó ní, "N ò ní tàn yín. Bí oògùn bá ṣe ń lọ, ara yín á padà mọ ooru. Ṣùgbọ́n ojú àpá yìí jinlẹ̀. Ibí yìí lè má mọ iná mọ́ dáadáa láéláé."

Ìyá Aláàrò bo apá rẹ̀. "A ó jọ wò ó," ló sọ. Kò sunkún. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ló ń wò.

Ìtọ́jú kì í ṣe eré, kì í sì í ṣe ọ̀run àpáàdì. Ọjọ́ kan dára, ọjọ́ kejì burú, ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ò dára ò burú. Nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń jókòó sọ̀rọ̀, bíríkìlà kan wà, ọkùnrin gíga tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti yẹ̀ rí. Ó ní, "Èmi máa ń gbé e mì kí n tó gun àkàbà. Lọ́jọ́ kan mo mọ ògiri yàrá kan láti ilẹ̀ dé òkè, ó gún régé, gbogbo èèyàn yìn mí. Mo gbàgbé fèrèsé." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Bíríkìlà náà rẹ́rìn-ín, ó wá ní, "Onílé náà ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Èmi ò tiẹ̀ rántí pé mo ṣe é." Ìyá Aláàrò na ọwọ́ sí i, ó ní, "Ìwọ gbàgbé fèrèsé, èmi gbàgbé iná. Fún mi lómi yẹn kí n mu."

Nílé, Ẹnu-Ata ló ń kí ààrò. Ẹni tí ò ti apá bọ̀ ọ́ rí! Búrẹ́dì àkọ́kọ́ rẹ̀ funfun bí ẹni tó dìde lórí àìsàn. Èyí tó tẹ̀ lé e le tó bẹ́ẹ̀ tí Bàbá Awakọ̀ fi ní òun lè fi dá táyà dúró lórí òkè. Ṣùgbọ́n ó ń kọ́ ọ. Bó bá wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń mú búrẹ́dì lọ́wọ́, Ìyá Aláàrò á kan ìdí rẹ̀ gbọ́ bó ṣe dún, á ní, "O yára fa apá yọ. Ojo." Tàbí, "O pẹ́ jù. Agídí." Lọ́jọ́ tó kàn án tí kò rí nǹkan kan wí, Ẹnu-Ata jó láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí wọ́n ní kó máa bọ̀ láti ilé, ọkùnrin kẹ́mísì ẹ̀yìn ọjà yẹn pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ọwọ́ kan àpò. "Ìyá Aláàrò! Mo ti bá yín fi tiyín pamọ́ o."

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọkàn rẹ̀ ò fò. Ó fò. Itọ́ pàápàá kún ẹnu rẹ̀. Ó di àpò rẹ̀ mú, ó ní, "Gbé e padà. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ ti kó kúrò nílé náà." Ó rìn kọjá, ó yà sábẹ́ igi kan, ó sì pe nọ́ọ̀sì pẹ̀lẹ́ lórí fóònù. "Ó wù mí," ló wí. "Ó wù mí gan-an ni. Bá mi sọ̀rọ̀ títí màá fi délé." Nọ́ọ̀sì bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi délé. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń yọ àbàwọ́n lára aṣọ funfun.

Lọ́jọ́ tó padà sẹ́nu ààrò, Ẹnu-Ata ti to ìyẹ̀fun tó wú sórí pákó, ẹ̀yín iná ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò ní kó má sún mọ́ ọn. Ó kàn dúró níbẹ̀, ó káwọ́.

Ìyá Aláàrò ká apá aṣọ ọ̀tún sókè. Ó ti apá bọ̀ ọ́ díẹ̀, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìka ń gbọ́ iná, ìgbọ̀nwọ́ ń gbọ́ iná, ṣùgbọ́n ojú àpá tó wà láàárín dákẹ́, gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe sọ. Ó fà á yọ kó tó kí i rárá. Apá tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ní ìlàjì-ìlàjì, irọ́ ni yóò máa pa.

Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká apá aṣọ òsì.

Ẹnu-Ata la ojú. "Ẹ̀gbọ́n mi! Ọwọ́ òsì? Ẹ fẹ́ fi ọwọ́ òsì kí Màámi?"

"Èwo lo fẹ́ kí n fi kí i, ẹsẹ̀?" Ó tẹ̀ síwájú, ó kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Màámi, mo mọ̀ pé wọn kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ẹ forí jì mí. Ọ̀tún ti ṣàṣejù, ó ń sinmi. Èyí tó kù ni mo mú wá yìí."

Ó ti apá òsì bọ ẹnu ààrò. Ẹnu-Ata ti ọ̀tún tirẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n jọ la ẹnu.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìdá..."

"Yéè!" Apá òsì fò jáde bí adìyẹ tó tẹ ẹ̀yín iná. Apá Ẹnu-Ata wà níbẹ̀, ó dé "ilé ńkọ́", ó sì jáde jẹ́jẹ́ bí onílé.

"Ó jó mi!" Ìyá Aláàrò di apá mú, ó ń fò sókè. "Ẹnu-Ata, ó jó mi! Ó dùn mí! Ó dùn mí gan-an ni o!" Ẹ̀rín ń pa á, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá Awakọ̀ já wọlé pẹ̀lú garawa omi lọ́wọ́, ó bá àwọn méjèèjì tí wọ́n di mọ́ ara wọn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kò mọ èyí tó yẹ kó da omi sí lára.

"Apá ọmọ tuntun nìyẹn," Ẹnu-Ata ní nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Kò tiẹ̀ lè kí èèyàn parí."

"Yóò kọ́ ọ. Bí tìrẹ ṣe kọ́ ọ. Níbo lo bá a dé?"

"Ilé ńkọ́."

Ìyá Aláàrò wo apá òsì rẹ̀ tó pọ́n díẹ̀ lójú awọ, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i. Ó ń ta á síbẹ̀síbẹ̀. Èjìká náà ń ro ó díẹ̀, torí òjò ń bọ̀. Ó mọ gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"A jẹ́ pé ó ti yá," ó ní, ó sì mú ṣọ́bìrì onígi. "Kó búrẹ́dì bọ̀. Bàbá Awakọ̀, ẹ gbé omi yẹn kúrò níwájú ààrò mi."